Àtúnṣe Katakata Kọjá Ọ̀dà Kíkùn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ògbólógbòó katakata tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà pupa káàkiri Èkìtì, tí wọ́n sì ń tà fún àgbẹ̀ bí èyí tí a ti tún ṣe. Katakata Massey Ferguson 135, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964, ṣì lè túlẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀ olókùúta wa, bí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, tó pààrọ̀ ríìngì (òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì) tó ti jẹ, tó sì yẹ nọ́sùlù tó ń fọ́n dísù wò. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, dísù ni kò jóná tán. Bí ó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì wọ ibi tí iná wà. Kí wọ́n fi bọ́nẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dí iṣẹ́ oko lọ́wọ́ (èmi tilẹ̀ fẹ́ràn àpá bẹ́ẹ̀). Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, kí ó dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó sì ní kí wọ́n tan án lójú òun nígbà tó ṣì tutù, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì