Ẹ Máa Ṣàlàyé Irú Ìtànṣán fún Aláìsàn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìtànṣán ní ìgbà 28 fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ibi tí oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn. Títí dòní, bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, wọn á di ògiri mú, wọn á mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìtànṣán ju oríṣi kan lọ.

Ẹ̀yìn ọkàn ni ọ̀nà ọ̀fun gbà kọjá, ẹ̀dọ̀fóró wà lọ́tùn-ún lósì. Ìtànṣán ẹ́síréè, títí kan IMRT (irú èyí tí wọ́n ń darí kó lè bá ìrísí kókó mu), máa ń la ara já, ó sì lè kan ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ti proton, ìyẹn èyí tó ń lo àwọn ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, máa ń dúró síbi kókó jẹjẹrẹ náà. Ìwádìí MD Anderson, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé proton dín ìpalára kù ju IMRT lọ, àmọ́ ẹ̀mí aláìsàn kò tìtorí ẹ̀ gùn sí i.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí aláìsàn tó fọwọ́ síwèé.

Èmi ni, òǹkàwé yín.