Táyọ̀, Màmá Ń Dúró De Hẹlikọ́pítà

Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí
Oṣù Keje

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kun o. Ṣé ara le, ṣé ìyàwó àti àwọn ọmọ wà dáadáa ní Asheville, North Carolina, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún? Mo mọ̀ pé orí fóònù ni a ti máa ń sọ̀rọ̀, àti pé ó ti pẹ́ tí mo ti fi bírò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí gùn, èmi kò sì fẹ́ kí owó orí fóònù tán kí n tó dé ìdí rẹ̀. Àlàáfíà ni a wà níbí: iṣu tuntun ti wọ ọjà, ọmọ mi àgbà ti parí ìdánwò wáyẹẹ̀kì, òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Wọ́n ti sọ mí di akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní agbègbè wa. Kí o tó máa kí mi kú oríire, jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ fún ọ: ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, fáìlì kan tí eku ti jẹ létí, àti bàtà òjò mẹ́rin tí oníṣòwò kan tà fún wa, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Bí omi bá dé, ẹsẹ̀ kan ni n ó fi máa fò lọ gba aráàlú là. Síbẹ̀, ipò yìí náà ni ó gbé mi dé Lọ́kọ́ja lóṣù tó kọjá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ọ̀dọ̀ Màmá rẹ ní Ganaja ni mo wọ̀ sí. Inú wọn dùn láti rí mi, wọ́n sì se ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ tí o mọ̀ yẹn. Nígbà tí mo jẹun tán, mo wo ara ògiri pálọ̀. Ilà tí Bàbá fi ọ̀dà dúdú fà síbi tí omi dé lọ́dún 2012 ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú déètì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Lókè rẹ̀ ni ilà ti ọdún 2022 wà, èyí tí Màmá fi èédú fà fúnra wọn nítorí pé Bàbá kò sí mọ́, níwọ̀n bí wọn kò sì ti mọ ìwé kọ, ẹja kékeré kan ni wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò déètì. Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọn yóò máa bọ̀ ní Kabba, torí pé oṣù Kẹjọ kò jìnnà mọ́, ẹni tó bá sì ń gbé ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé kò gbọ́dọ̀ máa fi oṣù Kẹsàn-án ṣeré.

Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé àwọn kò lọ síbì kankan, nítorí pé Táyọ̀ ti sọ fún àwọn pé bí omi bá dé, àwọn ṣọ́jà yóò fi hẹlikọ́pítà wá gbé àwọn lórí òrùlé.

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni, títí wọ́n fi mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Táyọ̀, Màmá ti ní kí káfíńtà kan àkàbà mọ́ ara ògiri. Wọ́n ti di ẹja gbígbẹ sínú àpò ọ̀rá kan, wọ́n sì sọ ọ́ kọ́ sí orí àkàbà náà, pé ti àwọn ọmọ ológun tó máa wá ni, torí a kì í lọ́wọ́ òfìfo gba ẹni tó bá wá gba ni là. Wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá hẹlikọ́pítà náà lè gbé ewúrẹ́.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ nígbà ìjì Helene lọ́dún 2024 ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ti fi han gbogbo àdúgbò. Èmi kò dá ọ lẹ́bi, mo mọ̀ pé o fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni, o sì fi àwàdà tirẹ kún un bí o ti máa ń ṣe láti ìgbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ṣùgbọ́n ètò tó gbé hẹlikọ́pítà yẹn dé orí òkè yín kọ́ ni ètò tí a ní níbí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Lọ́kọ́ja ni mo ti ń fi ojú inú wo méjèèjì.

Wo tiyín ná. Gómìnà yín ti kéde ipò pàjáwìrì ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ méjì kí ìjì náà tó kọlu òkè ibi tí ẹ wà. Gómìnà náà ní ọmọ ogun tirẹ̀, àwọn National Guard, tí wọ́n wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ títí di ìgbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n sábẹ́ tirẹ̀, nítorí náà kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó rán wọn jáde. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ yín tó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kì í gba iṣẹ́ mọ́ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ ni yóò béèrè, FEMA yóò wá owó àti ohun èlò, bí agbára rẹ̀ kò bá sì ká a, ó lè gbé iṣẹ́ kan pàtó lé àwọn ológun ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Kódà, ọ̀gá bárékè tó bá wà nítòsí lè dáhùn igbe ìlú láìkọ́kọ́ dúró de àṣẹ Ààrẹ bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ewu, kí wọ́n tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò láàárín wákàtí 72. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ṣé o rántí bí o ti ń bínú lórí fóònù? Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ni Ààrẹ Biden tó ní kí ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ tó tó 1,000 wá kún àwọn Guard lọ́wọ́, ìjì náà sì ti ṣe tirẹ̀ láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Bí ilẹ̀ tó ní irú ètò yẹn bá ṣì ń ka ọjọ́, kí ni kí àwa sọ?

Tiwa nìyí. Gómìnà wa ni a ń pè ní olórí ààbò ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣọ́jà kan ṣoṣo tó lè pàṣẹ fún. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 217, sọ pé àwọn ológun lè ran ìjọba alágbádá lọ́wọ́ nígbà tí Ààrẹ bá pè wọ́n, abala 218 sì fi bí a ó ṣe máa lò wọ́n sí ìkáwọ́ Ààrẹ. Àjọ NEMA, tó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì fún ìjọba àpapọ̀ wa, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 kan náà, tí Igbákejì Ààrẹ sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, ni ó ń so okùn gbogbo wọn pọ̀: ṣọ́jà, ọmọ ogun ojú omi, ọlọ́pàá, sífú dìfẹ́ǹsì, Red Cross, àti àjọ SEMA ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ológun náà ní ẹ̀ka tí a ń pè ní DRU nínú bárékè, àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìdóòlà ẹ̀mí pàápàá. Lórí ìwé, ètò tó dára ni, èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ figbe ta, ìpínlẹ̀ yóò gbé e, bí ó bá ju agbára ìpínlẹ̀ lọ, ó di ọ̀dọ̀ NEMA, NEMA yóò sì kàn sí àwọn ológun.

Ìwọ ṣáà ka iye tábìlì tó wà níbẹ̀. Lọ́kọ́ja ni ọ́fíìsì àgbà àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi gbogbo ilẹ̀ yìí wà, Lọ́kọ́ja ni ibùdó ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń pè ní NNS Lugard wà, ibẹ̀ náà ni Brigade 12 àwọn ṣọ́jà wà. Ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wà kò jìnnà sí ilé Màmá, ẹni tó ni àṣẹ orí wọn ni ó wà ní Àbújá. Lọ́dún 2022, omi náà ni ó bo ọ̀nà Àbújá mọ́lẹ̀ ní Koton-Karfe, tí àwọn táńkà epo tò sílẹ̀ títí tí Àbújá fi bẹ̀rẹ̀ sí tò fún epo bẹntiróòlù. Ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ yóò gbà wá ni odò kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí mo sọ èyí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá ológun kan tó jókòó níwájú mi mi orí, ó sì sọ pé òun náà ti bá irú rẹ̀ pàdé rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tù mí lára díẹ̀, torí kò gbìyànjú láti bo ohunkóhun mọ́lẹ̀.

O kò sí nílé lọ́dún náà, mo sì ti fi ohun kan pa mọ́ fún ọ. Nígbà tí Ganaja bẹ̀rẹ̀ sí rì, àwa kan kọ lẹ́tà láti tọrọ ọkọ̀ ojú omi, a gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn gbà á. Ọjọ́ kẹta tí mo padà lọ, lẹ́tà náà ṣì wà lábẹ́ ife tíì ẹnì kan, òbìrípo omi tíì ti hàn lórí orúkọ Màmá. Ní òru ọjọ́ kejì, apẹja kan tí kò mọ̀ pé a kọ lẹ́tà rárá ti gbé Màmá jáde. Èmi kò sọ fún ọ nígbà náà nítorí pé o wà ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ohun tí ìbẹ̀rù rẹ lè ṣe fún wa.

Kí n má sì fi ẹ̀bùn ẹlẹ́bùn pa mọ́, àwọn ṣọ́jà dé. Mo fi ojú ara mi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ omi dé àyà, tó pọn ìyá arúgbó kan sẹ́yìn bí ìgbà tí a ń pọn ọmọ, tí ìyá náà sì fi ọwọ́ kan gbé bàtà ṣọ́jà náà sókè kí omi má bà á. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn kò béèrè ilé ta ni. Àìwá kọ́ ni ẹjọ́ wọn. Ìgbà tí a fi ń pè wọ́n ni omi fi ń wọlé, ní báyìí tí àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kí a sùn, àwọn ọmọ ogun tí à ń wò fún odò náà ni à ń wò fún igbó Yagba àti Bunu.

Omi náà kò sì ní ṣíwọ́ wíwá. Dáàmù Lagdo tí Kámẹ́rúùnù parí lọ́dún 1982 wà lórí Odò Bẹ́núé, dáàmù Dasin Hausa tó yẹ kí àwa kọ́ sí Adamawa láti fi gba omi rẹ̀ kò tíì parí títí di òní. Ní ìhà kejì, Kainji àti Jebba ń tú tiwọn sínú Odò Ọya, ẹsẹ̀ ilé Màmá sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé. Lọ́dún 2012, ènìyàn 363 ni NEMA kà pé wọ́n kú káàkiri orílẹ̀-èdè, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tí kò nílé. Lọ́dún 2022, àwọn tó kú lé ní 600. Ó ṣòro fún mi láti ka irú nọ́ńbà wọ̀nyí lójú àkàbà Màmá.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Mo ti bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ ti bẹ̀ wọ́n, ìyàwó mi pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdáhùn kan náà ni pé Táyọ̀ ti ṣètò. Ìwọ nìkan ni ó lè tú ohun tí o so. Jọ̀wọ́, pè wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọn kì í tíì lọ sọ́jà, má sì sọ pé èmi ni mo sọ fún ọ. Má ṣe sọ pé o parọ́, yóò dùn wọ́n ju omi lọ. Sọ pé gómìnà ibẹ̀ ni ó ni hẹlikọ́pítà yẹn, kò sì lè fò dé Ganaja. Bí o bá fẹ́, sọ pé o ń bọ̀ wá sílé ní oṣù Kejìlá, ó sì wù ọ́ kí o bá wọn ní Kabba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti ìwọ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìn-àjò rẹ ti rí.

Iyàrá tó kọjú sí ìta ni mo ti tún ṣe fún wọn, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé dìde, mo mọ̀ wọ́n. Sọ fún wọn pé hẹlikọ́pítà kì í gbé ewúrẹ́. Méje ni wọ́n ní, mo sì ti ra okùn méje.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Jídé