Ta ló di ìwé owó mú lónìí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò àtàwọn akántáǹtì tó ń bá wọn ṣèwé láti ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ sọ, torí ìjà àárín wọn ti ń pọ̀ jù, ẹ̀sùn tí wọ́n sì máa ń fi kan ara wọn, lójú tèmi, irọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Tí owó ọjà oṣù ò bá ti bára mu, ohun tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ sọ ni pé "ọmọ yìí ti kó mi lówó lọ," akántáǹtì náà á ní àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló ń jí ọjà. Iṣẹ́ ìwé owó yìí ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lọ́pọ̀ ìgbà kò sẹ́ni tó jí nǹkankan. Ìwé méjì ló wà níta, kálukú sì ń kọ nǹkan sínú tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Sábó fi fáìlì Excel ránṣẹ́ lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́ Fúráìdè sí ọmọ tó ń bá a ṣèwé n'Ílọrin. Ọmọ yẹn jókòó tì í ní Sátidé, ó ń tún gbèsè àtijọ́ ṣe, ó ń yọ èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Ní Sátidé yẹn kan náà, ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ò dúró, àbí ẹ fẹ́ kó ti ṣọ́ọ̀bù ni, ó ń kọ ọjà tó ń tà sínú èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Mọ́ńdè dé, akántáǹtì dá fáìlì padà, wọ́n gbé e lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ó tán, gbogbo sìmẹ́ǹtì àti páànù tí wọ́n tà ní Sátidé ti wọgbó. Owó wà ní báńkì, ọjà ò sí nílẹ̀, ìwé ò sì mọ̀ pé wọ́n ta nǹkankan. Kí lẹ fẹ́ kí ìyá yẹn rò? Àwọn míì ò ní gbé ọ̀kan lé ọ̀kan ṣá, wọ́n á tọ́jú méjèèjì, fáìlì á wá máa jẹ́ "March final", "March final 2", "March final èyí tó dáa", ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀kan lọ bá àwọn agbowó orí á kàn mú èyí tó bá kọ́kọ́ ṣí.

Òwò ọ̀nà jíjìn kì í ṣe tuntun sí wa níbí. Àwọn èèyàn wa ti ṣòwò dé Jọ̀ọ́sì, wọ́n ti ṣe é dé Kánò, wọ́n pọ̀ ní Gáná kí ìjọba Busia tó ní káwọn àjèjì máa lọ ní 1969. Ìwé gbèsè ayé ìgbà yẹn, tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, kò lè sí lọ́wọ́ àbúrò, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i á dúró kí wọ́n gbé e fún un. Fáìlì ò ní irú ìtìjú yẹn, ó lè wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí kálukú rò pé tòun ni ojúlówó. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bi kọ́sítọ́mà tuntun pé ta ló di ìwé mú lónìí, kí n tó bi í ní irú sọ́fíwíà tó ń lò.

Àwọn tó ṣe sọ́fíwíà gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. QuickBooks Desktop, sọ́fíwíà ìwé owó tó ń wà lórí kọ̀ǹpútà, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Accountant's Copy, ìyẹn ẹ̀dà ti akántáǹtì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á mú ọjọ́ kan, bíi 31 oṣù kẹta, gbogbo ohun tó wà títí dé ọjọ́ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ akántáǹtì, ṣọ́ọ̀bù ò lè yí i padà mọ́, wọ́n á máa kọ ti oṣù kẹrin lọ ní tiwọn. Tí akántáǹtì bá ṣe tán, àtúnṣe tó ṣe nìkan ló máa fi ránṣẹ́, wọ́n á gbà á wọlé sínú ìwé tó wà nílé, ti oṣù kẹrin ò sì ní sọnù. Ó dáa gan-an, àmọ́ àwọn tí mo mọ̀ tó ń lò ó ò pọ̀, backup, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tí wọ́n tọ́jú pamọ́, ni wọ́n fẹ́ràn. Backup ò burú o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo Sage 50, sọ́fíwíà ìwé owó míì tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Peachtree, kó ṣọ́ra, tó bá lọ dá backup padà sórí ìwé kọ́ńpìnnì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ lẹ́yìn backup yẹn ti lọ nìyẹn. Àyè wà láti ṣí i bíi kọ́ńpìnnì tuntun, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọmọ LAUTECH kan wà ní Under G tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á ní kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí, ẹ ju fáìlì QuickBooks sínú Dropbox tàbí Google Drive kí gbogbo wa máa ṣí i níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́. Fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .QBW yẹn, tó bá ti wà ní ṣíṣí, sọ́fíwíà ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, Dropbox náà á máa dà á kọ níbi tó bá ti bá a, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ń já, ìdajì á ti lọ, ìdajì á kù nílẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ máa mọ̀, fáìlì ò ṣí mọ́. Backup tẹ́ ẹ ti ṣe parí, ẹ lè gbé ìyẹn síbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ṣì ń kọ nǹkan sí, ẹ má ṣe é.

Èyí tí èmi fara mọ́ jù ni kí ìwé wà lójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ QuickBooks Online, ì báà jẹ́ Zoho Books, tàbí Google Sheets fún ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tíì pọ̀. Kálukú á ní ímeèlì àti páàsíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, yóò sì máa hàn ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i padà. Ẹ má jọ lo páàsíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo o, tí gbogbo yín bá ti ń jẹ́ "admin", ẹ ò ní mọ ẹni tó yọ 50,000 náírà kúrò nínú ìwé. Tí oṣù bá sì parí, kí akántáǹtì ti oṣù yẹn pa, QuickBooks ní ibi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ àti páàsíwọ́ọ̀dù há a, kí ẹnì kan má lọ máa tún ti oṣù kìíní ṣe nínú oṣù kẹfà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní iná ńkọ́, dátà ńkọ́. Òótọ́ ni, tí IBEDC bá mú iná lọ ní Takie, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún tẹ̀ lé e, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù mú bírò, kó já rìsíìtì tó ní nọ́ńbà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé kó kọ wọ́n wọlé, kó máa fàmì sí èyí tó bá ti kọ. Kó má ṣáà lọ ṣí Excel míì torí pé iná lọ.

Ẹni tó ń gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ń retí ìwé ẹ̀, owó orí òṣìṣẹ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọjọ́ 10 ni. Ìgbà tó bá ku ọ̀la ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rí i pé ìwé méjì ló wà, wọ́n á wá máa pè mí láàárín òru. Òfin CAMA ti 2020, òfin àwọn kọ́ńpìnnì, sì ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú ìwé owó ẹ̀ fún ọdún 6, èwo lẹ wá fẹ́ tọ́jú nínú méjèèjì?

Ti WhatsApp yẹn náà, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù síbẹ̀ gbalaja, kí ọmọ tó gba fóònù láti wo bọ́ọ̀lù wá ṣí i. Òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2023, kan ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ó kan akántáǹtì. Ẹ fi páàsíwọ́ọ̀dù ti fáìlì, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fáìlì náà bí mo ṣe máa ń rí i. Statement báńkì nìkan ni akántáǹtì nílò, ẹ má fún un ní PIN, ẹ má fún un ní token.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni tàwọn akántáǹtì ẹgbẹ́ mi tó máa ń fi ímeèlì tiwọn ṣí àkáǹtì fún kọ́sítọ́mà, tí owó iṣẹ́ bá di ìjà, wọ́n á ti ìwé mọ́ ìyá ọlọ́jà lójú. Mo mọ̀ pé àwọn kọ́sítọ́mà míì kì í sanwó, wọ́n jẹ èmi náà. Ẹ bèèrè owó yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ gbé wọn lọ sí kóòtù tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọjà tí oníṣọ́ọ̀bù tà, oníṣọ́ọ̀bù ló ni ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka lẹ́tà yìí nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ pe ẹni tó ń bá yín ṣèwé, ẹ bi í pé ímeèlì ta ló wà lórí àkáǹtì yẹn. Tó bá ní tòun ni, kó gbé e sórúkọ yín kí oṣù yìí tó parí, QuickBooks Online fàyè gbà á kí wọ́n gbé ipò primary admin, ìyẹn ọ̀gá àkáǹtì, fún ẹlòmíì, kò sì ní kí akántáǹtì má lè máa bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín,
Akántáǹtì kan, Ògbómọ̀ṣọ́.