Ohun tí Wọn Kò Bi Ẹ̀gbọ́n Mi Léèrè

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Morẹ́nikẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Kánádà. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O béèrè bí àìsàn ọkàn ṣe lè mú ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí wọn kò sanra, tí wọn kò fa sìgá rí, tí wọn kò sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà.

Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ, iyọ̀, epo àti sìgá nìkan ni wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ní kí a máa lọ sílé, pé àárẹ̀ lásán ni. Ó ń dùn mí títí di òní. Dókítà kejì, ní Adó, ló béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

O mọ ẹbu ẹ̀yìn ilé wa, tí páànù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ni lórí. Ó lé ní 30 ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń yan gàrí níbẹ̀ láti ìdájí, tí wọ́n ń fi àwẹ́ igbá rò ó nínú agbada, tí wọ́n sì ń fi etí ìró nu omijé tí èéfín igi tútù ń fà, títí aṣọ wọn yóò fi máa rùn bí ẹja yíyan. Dókítà ní eruku inú èéfín bẹ́ẹ̀ kéré gan-an sí irun orí. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ara a sì máa bá a jà lójoojúmọ́ bí ẹni tí egbò rẹ̀ kò jinná, títí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò fi bó, tí ọ̀rá yóò sì rí ibi lẹ̀ mọ́. Bí ibẹ̀ bá bẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì, á sì dí ọ̀nà tí ọkàn fi ń jẹun. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ tí àìsàn yìí ti kọlù rí: oògùn tí ó ń pẹ̀tù sí ìjà inú ara yẹn, tí kò sì dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù, mú kí ìkọlù tuntun dín kù.

Ti ìdílé tún wà níbẹ̀. Ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń pè ní lipoprotein(a), tí Kåre Berg ṣàwárí ní Nọ́wè ní ọdún 1963. A máa ń jogún rẹ̀ ni, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín in kù, àwa aláwọ̀ dúdú sì sábà máa ń ní in ju àwọn mìíràn lọ. Bàbá wa ṣubú lóko ní ẹni ọdún 46, ayé ni gbogbo ilé sọ pé ó pa wọ́n. Mo ti ń ro ikú náà lọ́nà mìíràn báyìí.

Nítorí rẹ gan-an ni ìwé yìí ṣe gùn. Nígbà oyún Tóbi, ẹ̀jẹ̀ rẹ ru gidigidi, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ wú. Bí o ṣe bímọ tán, gbogbo wa gbàgbé. Irú oyún bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ewu àìsàn ọkàn di nǹkan bí ìlọ́po méjì lọ́jọ́ iwájú. Jọ̀wọ́, sọ ọ́ fún dókítà rẹ láìdúró kí ó béèrè, kí o sì ní kí wọ́n yẹ lipoprotein(a) rẹ wò, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jókòó sídìí agbada báyìí. Ní Sátidé, a ó yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ẹbu náà kúrò, a ó sì lu òrùlé kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àbẹ̀kẹ́