Ẹ Yé Kígbe "Ta Á!" Mọ́ Ọmọ Létí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń mú ọmọ yín ṣọdẹ pẹ̀lú ọrun àti ọfà,

Ó tó ọjọ́ mélòó kan báyìí tí n kò rí oorun sùn dáadáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó lé e lójú mi.

Ọ̀kan nínú yín, tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí òun gan-an ṣì jẹ́ ọmọdé, ló mú ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ̀lé mi wọ igbó. Ọmọ ọdún 7. Ọmọ náà mọ ìrìn rìn. Kò fẹsẹ̀ ṣẹ́ igi gbígbẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì ya. Inú mi dùn sí i. A jókòó sídìí igi ńlá kan, a ò mira, títí igbó fi gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú 20 kí ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀, tó gorí kùkùté, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò ju ìṣísẹ̀ 10 lọ sí wa.

Ọmọ fi ọfà kọ́ osán, ìyẹn okùn ọrun, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó fa ọrun dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà yídìí padà sí wa. Ojú ọmọ náà ni mò ń wò, mo sì rí i pé kò dá a lójú mọ́. Ọwọ́ tó fi di ọrun mú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti fẹ́ rọra dá osán padà láìta. Ọmọ ọdún 7 ti fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ọdẹ kì í lè mú ara wọn ṣe. Àfi gbàù tí bàbá rẹ̀, tó ti gbé fóònù sókè tó ń ká a sílẹ̀, kígbe mọ́ ọn létí: "Ta á! Ta á! Kí lò ń wò?"

Ọmọ ta á.

Ìbàdí lọfà ti ba ẹran náà. Ọfà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń ta àmì ni wọ́n kó sínú apó ọmọ, èyí tó máa ń gún ẹran kékeré láì pa á. (Èmi ló yẹ kí n ti yẹ apó náà wò kí a tó gbéra. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.) Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ́ ara rẹ̀ àti ọfà dé ìdí igi, ọfà já bọ́, ó gun igi, ó wọ ihò. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò jáde. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ó ṣì ń dùn ún?"

Mi ò rí èsì fún un.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò fọwọ́ kan ọrun mọ́. Mo pe bàbá rẹ̀ láti béèrè, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Bàbá. Ojo lọmọ yìí."

Ojo kẹ̀? Ta ni ojo? Ọmọ tó rí i pé ẹran ti yídìí padà, tó fẹ́ dáwọ́ dúró, ṣé òun ni ojo, àbí àgbàlagbà tí kò lè fara da kí fídíò rẹ̀ parí láìsí ẹran nílẹ̀? Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Mo ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ ọmọ mi: ọmọ kékeré, ọrun, ẹran, àti ohùn àgbà kan tí a kì í rí ojú rẹ̀ tó ń pariwo "Ta á!" Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ lóru.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ ló fa ọrun, ṣùgbọ́n ẹnu bàbá ló tú osán sílẹ̀.

Nígbà tí èmi wà ní ọmọdé, ọfà kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń fún mi. Mo lè fa ọrun tán, kí ojú mi sì ti mú àmì gírí, á wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Dá a padà." Kí n rọra dá osán padà sípò, láìta, kí ọfà ṣì wà lójú ọrun. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, á mú mi dá a padà lẹ́ẹ̀meje. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé kò fẹ́ kí n pa nǹkan kan láyé ni. Nígbà tó wá yá, a bá ehoro kan ní àfẹ̀mọ́jú, ó lúgọ sínú koríko, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Mo fà á. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Mo wá rí ẹ̀ka tín-ínrín kan tó dábùú iwájú àyà ehoro náà, irú èyí tó lè ṣẹ́ ọfà lójú kó sì gba ibòmíràn lọ. Mo dá a padà fúnra mi. Ehoro sá lọ. Omijé bọ́ lójú mi. Bàbá mi, tí kì í bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, na ọwọ́, ó gba ọfà náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ìrì ara rẹ̀, ó sì dá a padà sínú apó fún mi. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ẹran tí mo ti pa láti ìgbà náà, mi ò lè kà á. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ tí mi ò pa nǹkan kan yẹn, mo rántí bí koríko rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ kọ́ wọn ní dídá ọrun padà kí ẹ tó kọ́ wọn ní títa. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo èyí tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, àbùlé ni. Kí ọmọ fi ọfà kọ́ osán o, nígbà tó bá ń kọ́ ọ. Kò gbọdọ̀ fa ọrun lófìfo kó sì já osán sílẹ̀, nítorí agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ, ara ọrun ló máa padà sí. Ọrun á là, ó sì lè fọ́ mọ́ ọmọ lójú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Èmi náà ti ṣe é. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mò ń gun orí òkè bá yín sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ehoro kan fò jáde níwájú wa, ó sáré gun òkè kékeré kan, ó dúró gẹ́lẹ́ lórí ẹnu òkè náà, ojú ọ̀run nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọdẹ ni mo fi ń wo ehoro, mi ò fi ojú baba wo ọmọ. Mo ní, "Ta á!" Ó ta á. Ọfà gba orí ehoro kọjá, ó rékọjá òkè, ó pòórá. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Kí ló wà lódìkejì?" Mi ò mọ̀. Èmi tí mo ti ń dẹ igbó fún ọdún gbọọrọ, mi ò mọ̀! Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ọfà náà kiri. Mo rí i níkẹyìn, ó gún ilẹ̀ ṣánṣán, lẹ́bàá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ipa bàtà ọmọdé wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀.

Àwọn baba wa ní, ìwọ tó ta ọfà sókè tó yídó borí, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Mo ti máa ń pa òwe yẹn tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ló wọ̀ mí lára.

Nítorí náà, ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ bí a ṣe ń fi igi ṣe asà. Bí o bá yí sápá òsì, òun á yí sápá ọ̀tún. Bí bàbá bá rọra rìn lọ sódìkejì, ẹran á yí padà sọ́dọ̀ ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dùn láti ṣe. Àmọ́ ọfà tí a bá ta sókè ní láti sọ̀ kalẹ̀ níbì kan, bàbá tó rìn lọ sódìkejì ló sì wà níbẹ̀. Ọfà kan wà tí wọ́n ń pè ní flu-flu, tí ìyẹ́ ìdí rẹ̀ tóbi tó sì ṣù, tí afẹ́fẹ́ máa ń dá dúró kíákíá kó má lọ jìnnà. Irú rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì rí bí orí kùmọ̀, tó ń lu ẹran pa dípò kó gún un, òun nìkan ló yẹ ní títa sórí igi. Ọfà ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó mú bí abẹ, láéláé, a kì í ta á sókè. Bí ọmọ bá ṣì kéré, ẹ jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi wà lórí igi. Ẹran tó bá wà nílẹ̀, tí ilẹ̀ tàbí gegele wà lẹ́yìn rẹ̀ láti gba ọfà dúró, ìyẹn tó o.

Ẹ sì yé gbé ọrun méjì jáde. Bí ọmọ bá ń ta, àgbà kò gbọdọ̀ ní ọrun lọ́wọ́. Ọmọ ni kí àgbà máa ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹran kò lè ṣọ́ ọmọ. Fóònù pẹ̀lú, ọrun kejì ni.

Nípa ọrun ọmọ fúnra rẹ̀: èyí tó bá fà láìgbé èjìká sókè, láìjẹ́ pé ó ń na ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, òun ni tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọdé, agbára tí a fi ń fa irú ọrun bẹ́ẹ̀ kì í ju ìwọ̀n pọ́ùn 10 sí 20 lọ. Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fún ara wa, ọ̀pọ̀ nínú irú ọrun bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó láti pa ehoro kíákíá. Kí wá ni ọmọ máa ta? Kùkùté tó ti jẹrà. Ewé tó já bọ́. Ìṣù koríko. Ẹ máa rìn nínú igbó, kí ẹ máa yan àmì, "Ìwọ ta ti ọ̀hún, jẹ́ n wò ó." Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú títa kùkùté. Ọdún kan, ọdún méjì, kí ni ẹ ń sáré sí? Ibi tí ọfà ti lè pa ọ̀kẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀ kò tóbi ju ẹyin lọ. Ọmọ tí kò lè fi ọfà mẹ́rin nínú márùn-ún ba ohun tó tó ẹyin láti ìṣísẹ̀ 10, kí ló fẹ́ lọ bá ẹran ṣe?

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ishi, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn Yahi, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, tó jáde wá láti inú igbó ní California lọ́dún 1911. Dókítà kan, Saxton Pope, kọ́ iṣẹ́ ọrun lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú lọ́dún 1916. Bí wọ́n bá gbé àmì sí ọ̀nà jíjìn, Ishi kì í ṣe atamátàsé. Nínú igbó ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Á rọra sún mọ́ ẹran títí, tàbí kó fi ìka sẹ́nu kó fà á ṣín-ín-ṣín-ín bí ehoro tí àṣá gbé, ehoro á sì máa bọ̀ wá bá a fúnra rẹ̀. Mo kọ́ ọmọbìnrin mi ní ìró yẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọfà tó sọnù. Ó lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan ní pípe ehoro láìgbé ọrun dání rárá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò bi mí ìgbà tí a máa ta nǹkan. Ọmọ kì í kánjú, ẹ̀yin òbí lẹ̀ ń kánjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó gbéra. Ní Bìrìtéènì, òfin ọdún 1981 ti ka ọrun mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi pa ẹran ìgbẹ́. Níbòmíràn, ọmọ ní láti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ. Ẹ máa tẹ ọfà kábọ́ọ̀nù, ọfà òde òní tí a kò fi igi ṣe, díẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó ta á, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ṣẹ́ kẹ́kẹ́. Èyí tó bá ti là lè fọ́ wọ ọwọ́ ọmọ. Bí ẹ bá ń fa ọfà yọ lára àmì, kí ọmọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe dúró sẹ́yìn ẹni tó ń fà á. Ìdí ọfà ti fọ́ ojú rí. Bí ẹ bá ń kun ehoro, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, àìsàn kan wà lára rẹ̀ tó máa ń gba ojú egbò wọlé, kí ẹ sì se ẹran náà jinná dénú. Ohun tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n.

Àti ẹran tó bá gba ọgbẹ́. Ẹ máa wá a. Ẹ wá a pẹ̀lú ọmọ, lórí eékún, ní wíwo ẹ̀jẹ̀ lára ewé, títí ẹ ó fi rí i tàbí tí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ẹ má sọ fún ọmọ pé "kò sí nǹkan kan." Ó mọ̀ pé nǹkan wà.

Ìwọ bàbá ọmọ náà, o mọ̀ pé ìwọ ni mò ń bá wí. Mi ò dárúkọ rẹ, mi ò sì ní dá a. Bàbá rẹ kọ́ ló kọ́ ẹ nírú ohùn yẹn. Mo mọ bàbá rẹ. Mú ọmọ náà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, ní kùtùkùtù. Fi fóònù rẹ sílé. Mo ti tọ́jú ọrun kékeré kan dè é, mo sì ti fi ọfà kan ṣoṣo sínú apó. Bó bá fẹ́, á gbé e. Bí kò bá fẹ́, a óò jókòó sídìí igi ọjọ́sí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká máa wo ihò yẹn. Bó bá tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, ìwọ lo máa dá a lóhùn.