Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tí Ẹ Fẹ́ Gba Oyè Nínú Ìmọ̀ Okòwò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òbí tí wọ́n ń forí ṣe fọrùn ṣe kí owó ilé-ẹ̀kọ́ yín lè pé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ sí báńkì kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí lára ìwé-ẹ̀rí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún yunifásítì kankan nítorí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò, ìṣirò owó tàbí ìpolówó ọjà, ẹ wádìí ẹ̀kọ́ náà gan-an, nítorí pé àṣẹ tí ìjọba fún yunifásítì láti ṣílẹ̀kùn yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti gbà.

Ní Nàìjíríà, NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ló ń ṣe àyẹ̀wò fún ìfọwọ́sí yìí. NBTE ló ń ṣe ti àwọn pólì. Àwọn tí NUC bá rán lọ á wo ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iye olùkọ́ àti oyè wọn, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìkàwé, owó tí wọ́n ń ná sí ẹ̀kọ́ náà, àti ojú tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń wo àwọn tó jáde níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá gba máàkì 70 nínú 100 sókè, tí kò sì kùnà níbi tó ṣe kókó, ń gba ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún márùn-ún. Èyí tó wọ 60 tí kò dé 70 á gba ti ìgbà díẹ̀, ọdún méjì péré. Èyí tí kò tó 60, wọ́n á kọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Nípa bẹ́ẹ̀, ìṣirò owó lè gba ìfọwọ́sí kíkún ní yunifásítì kan, kí ìpolówó ọjà tó wà ní àjà kan náà máa fi ti ìgbà díẹ̀ fà á. Ẹ wo orúkọ ẹ̀kọ́ yín nínú èsì NUC, ẹ wo ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣe gba ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu géètì gbọ́.

Síbẹ̀, ìfọwọ́sí nìkan kò tó. A kúkú mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń yá olùkọ́ àti ìwé nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò bá ń bọ̀, tí olùkọ́ àyálò á sì ti padà síbi tó ti wá kí ọ̀dà ara ògiri tó gbẹ. Ẹ lọ bá ọmọ tó wà ní ipele kẹta. Ẹ má bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára, torí ẹnìkan kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò owó, ìgbà wo ló wọlé kẹ́yìn, ẹni mélòó ni wọ́n ń fún pọ̀ nínú yàrá kan, ṣé wọ́n fún wọn ní ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan rí pé kí wọ́n tú u wò, àbí handout tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi ìwé owó ilé-iṣẹ́ kékeré kan síwájú àwọn tó wá gba iṣẹ́: èrè pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí owó ní báńkì. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa á kọ́kọ́ béèrè iye tí àwọn oníbàárà jẹ àti iye ọjà tó wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì tà. Àwọn kan tí wọ́n gba oyè tó ga á wulẹ̀ máa ka ìtumọ̀ èrè fún mi láti orí.

Ẹni tó fẹ́ di akáǹtáǹtì ní láti wádìí sí i bóyá ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, fọwọ́ sí ẹ̀ka rẹ̀, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè fo díẹ̀ nínú àwọn ìdánwò ẹgbẹ́ náà. Ní ti MBA, oyè kejì nínú ìṣàkóso okòwò, àwọn àjọ bí AACSB ti Amẹ́ríkà, AMBA ti Lọ́ńdọ̀nù àti EFMD ti Yúróòpù, tó ń fúnni ní ìfọwọ́sí EQUIS, ló lórúkọ. Wọn kò sì lè rọ́pò àṣẹ ìjọba. Ẹ ṣọ́ra fún àjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: ní ọdún 2015 ni àṣírí ilé-iṣẹ́ Axact ní Pakistan tú, pé wọ́n ń ta oyè yunifásítì tí kò sí, wọ́n sì dá àjọ ìfọwọ́sí èké sílẹ̀ láti gbè é lẹ́yìn.

Ẹ má wo ti ibi jíjìn nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gba oyè ní Kútọnu, ó sì tún lọ ṣe agùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba dá yíyẹ oyè láti Benin àti Togo wò dúró, àwọn ọmọ tó fi òógùn ojú kàwé ní yunifásítì gidi níbẹ̀ sì jìyà pẹ̀lú àwọn tó rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tí ìfọwọ́sí rẹ̀ ń mì, ẹ má sá kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ béèrè ìgbà tí NUC ń padà bọ̀ àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe. Bí ọdún kan bá kọjá tí wọn kò gba olùkọ́ kún olùkọ́, tí ẹ ṣì wà ní ipele kìíní tàbí ìkejì, ẹ wá ọ̀nà láti gbé ara yín lọ sí yunifásítì mìíràn nígbà tí àyè ṣì wà.

Èmi ni,
Àgbà yín kan ní Ìbàdàn.