Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi ń tún pápá díìsì wa tò

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín o, a sì dúpẹ́ pé ẹ mú pápá yìí bí ẹni pé ti ara yín ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lórí díẹ̀ nínú ọ̀nà 18 tí ẹ ń gbà ju díìsì, àwo ike pẹlẹbẹ yẹn, láti pèpéle tí ẹ ń dúró lé dé inú agbọ̀n pẹ̀lú ìjù tó kéré jù. Ó tọ́ kí ẹ ti ẹnu wa gbọ́ ohun tí a fẹ́ yí padà àti ìdí rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ ó kàn dé lọ́jọ́ kan, kí ẹ máa wá agbọ̀n tí ẹ mọ̀ tì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ni pé kí a mú pápá náà gùn sí i. A gbé e yẹ̀wò dáadáa, a kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó gùn tí kò ní ohunkóhun nínú, agbára apá nìkan ló ń dán wò: ẹni tó lè ju díìsì kọjá 100 mítà yóò jù ú, ẹni tí kò lè ṣe é yóò jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí èyí tó ronú nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí a fẹ́ ni èyí tí yóò mú kí ẹ dúró lórí pèpéle, kí ẹ wo iwájú, kí ẹ sì pinnu nǹkan kan kí díìsì tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ wo apá ibi tí díìsì ń yà sí. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tó ń fa apá wá láti òsì kọjá àyà rẹ̀, díìsì rẹ̀ máa ń yà sí òsì nígbà tí eré rẹ̀ bá ń rọlẹ̀. Ti ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì lọ́nà kan náà máa ń yà sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó bá jù ú láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ara rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ níwájú. Nítorí bí igi ṣe dúró lórí ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tó tẹ̀ ló tẹ̀ sí òsì, èyí tó túmọ̀ sí pé irú ìjù kan ṣoṣo ni pápá ń san èrè fún. A ó gbé agbọ̀n mélòó kan lọ sí apá ọ̀tún. Ní ọ̀nà keje, àárín igi ńlá méjì ni agbọ̀n yóò ti máa hàn láti orí pèpéle: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá lójú lè gba àárín wọn kọjá tààrà, ẹni tí kò sì fẹ́ ewu lè yí wọn ká, kí ó fi ìjù kan kún un. A kò ní gé igi kankan, nítorí igi ni ọrọ̀ pápá yìí. Ẹ̀ka tó rọ̀ sílẹ̀ nìkan la ó rẹ́, kí àlàfo náà lè fẹ̀ tó èyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lè gbà kọjá. Àlàfo tí ọ̀jáfáfá pàápàá kì í sábà rí gbà kọjá, oríire ló ń wọn, kì í ṣe ìmọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ààbò, kò sí tàbí ṣùgbọ́n. Agbọ̀n ọ̀nà kẹrin sún mọ́ pèpéle ọ̀nà karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni díìsì tó tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 170 lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi bí ó bá ń bọ̀ pẹ̀lú eré. A ó ti pèpéle náà sẹ́yìn igbó, kí ẹni tó dúró lórí rẹ̀ má baà kọ ẹ̀yìn sí ìjù ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ tó yí agbọ̀n ká ni àárẹ̀ pápá ti kọ́kọ́ máa ń hàn. Òpó lásán ni wọ́n ń ju díìsì lù nígbà tí Ed Headrick, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá eré yìí, la pápá Oak Grove sílẹ̀ ní California lọ́dún 1975. Agbọ̀n tí ṣéènì rọ̀ sí, tó ṣe lẹ́yìn náà, ló sọ ìjù ìkẹyìn di iṣẹ́ ọwọ́, nítorí díìsì gbọ́dọ̀ wọlé kí ó sì dúró. Láàárín mítà 10 sí agbọ̀n, òfin kò gbà kí ẹni tó jù ú tẹ̀ síwájú kí ara rẹ̀ tó dúró ṣinṣin, nítorí náà inú àyíká kékeré kan náà ni gbogbo ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Koríko á kú, òjò á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi á sì yọ síta. A ó ri páìpù irin kejì, tí òpó agbọ̀n lè wọ̀, mọ́lẹ̀ síbòmíràn fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí a lè máa gbé e láti ibì kan dé ibi kejì kí ilẹ̀ sì sinmi. A ó sì da èérún igi sórí gbòǹgbò tó ti yọ.

Àwọn pèpéle tó jẹ́ ilẹ̀ lásán yóò di kọnkéré, mítà 1.5 ní ìbú àti mítà 3 ní gígùn. A kò ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán, torí ẹni tó sáré wá jù máa ń fi ẹsẹ̀ iwájú yípo, ilẹ̀ tó bá yọ̀ á sì gbé e ṣubú. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ní pèpéle kejì tó sún mọ́ agbọ̀n jù, fún ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, kí ìpinnu tí ọ̀nà náà ń béèrè lè kan àwọn náà. Pátákó ìtọ́kasí tuntun yóò wà lẹ́bàá rẹ̀ tí yóò sọ gígùn ọ̀nà, iye ìjù tí a retí àti ibi tí ààlà wà.

A kò ní ti pápá pa. Ọ̀nà mẹ́ta mẹ́ta la ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí, okùn pupa yóò sì wà níwájú èyí tí a bá tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ju díìsì kọjá okùn náà, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ lè wà nínú igbó tí ẹ kò ní rí wọn. Ẹni tó bá ti ju díìsì ní ọ̀nà tuntun kan tó sì ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé tó wà níbi ìwọlé. Kí a tó da kọnkéré pèpéle kọ̀ọ̀kan, a ó kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ kọ, nítorí a ṣì lè gbé e sún nígbà náà.

Tiyín nítòótọ́,
Olùdarí Pápá